Ta Ló Ń Fìyà Jẹ Mẹ̀kúnnù? Ìtàn Àròsọ Wa àti Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Òkèhò àti Ìṣẹ́yìn ní 1916

Àwọn àgbà ní ẹni tí a bá lè mú là ń lèdí mọ́. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ ká fi yẹ àwọn ìtàn àròsọ wa wò, pàápàá àwọn tó dá lórí bí ìjọba burúkú ṣe ń fìyà jẹ tálákà.

Gbogbo wa la mọ bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń lọ. Ọba kan wà, ó burú jáì. Ó ń gba oko olóko, ó ń gbẹ́sẹ̀ lé ìyàwó oníyàwó. Ará ìlú ké títí, ọba ò gbọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá dìde, ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n ya wọ ààfin, ọba kú tàbí kó sá wọ igbó, ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó parí. A ti kà á, a ti wò ó lórí ìtàgé, àwa náà ti kọ ọ́. Mi ò sọ pé irọ́ ni. Ọba burúkú pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ó sì pọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, yálà ó dé adé ni o, tàbí ó dé fìlà sójà, tàbí ó wọ agbádá olóṣèlú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: ìtàn tó bá parí síbi tí ọba burúkú kú, ìlàjì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ẹ jẹ́ ká fi Òkè-Ògùn ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀, irú ìtàn yẹn ti ṣẹlẹ̀ lójú ayé rí. Wọ́n pa ọba. Ìyà ò sì tán.

Kí òyìnbó tó dé

Òkè-Ògùn ni à ń pe ilẹ̀ ọ̀dàn tó lọ láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí, tó sì kan Òkèhò, Ìgànná, Ìgbòho, Kíṣí, Ìgbẹ́tì, Àgọ́-Àrẹ, Tedé àti àwọn ìlú mìíràn. Iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀gúsí ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn, òun náà ni àwọn ará ìlú ńlá ń jẹ tí wọ́n ń yó. Ìṣẹ́yìn ló ni aṣọ òfì. Láyé ọjọ́un, abẹ́ Ọ̀yọ́ Ilé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú wọ̀nyí wà. Wọ́n ń sìnlú, wọ́n sì mọ ọdún bẹẹrẹ, tí àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ fi ń ru koríko bẹẹrẹ lọ sí ààfin kí wọ́n lè fi bo òrùlé. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú láàárín 1830 sí 1840, tí Aláàfin Àtìbà lọ tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà, agbára Aláàfin kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìlú kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara rẹ̀. Òkèhò gan-an, ìletò mọ́kànlá ló kóra jọ sórí òkè nítorí ogun Dàhómì àti ogun Fúlàní. Ọ̀njọ ni olórí gbogbo wọn, ṣùgbọ́n níbi tí ìletò mọ́kànlá bá ti pàdé, olórí kan ò lè máa dá sọ̀rọ̀ kó máa dá dáhùn.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé ayé ìgbà náà dùn fún tálákà o. Ẹrú wà, ìwọ̀fà wà, ogun ń kó ọmọ lọ lójú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọba ìgbà náà mọ̀: kò lè sọ ọ̀rọ̀ kó má wo ojú ìjòyè. Bí ó bá ṣe é ṣe é tó kọjá àlà, àwọn àgbà ìlú á kọ̀ ọ́. Aláàfin pàápàá, wọ́n lè ní kó ṣígbá wò, ó sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí ìyà bá pàpọ̀jù, àwọn mẹ̀kúnnù á di ẹrù wọn lóru, wọn á lọ tẹ abúlé mìíràn dó. Ọ̀nà méjèèjì yìí ni ìjánu ọba: ẹnu ìjòyè, àti ẹsẹ̀ ará ìlú.

Kóòtù àti ọ̀nà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, Kápítéènì Bower yìnbọn ńlá sí ìlú Ọ̀yọ́. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti mọ ẹni tó ni agbára. Ṣùgbọ́n òyìnbó ò pọ̀ níye, owó tí wọ́n fẹ́ ná ò sì pọ̀. Nígbà tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ ní 1914, ọgbọ́n tó ti lò fún àwọn ẹ́míà lókè ọ̀hún ló fẹ́ lò nílẹ̀ Yorùbá: kí òyìnbó máa ti ọwọ́ ọba ṣe ìjọba. Ní Ọ̀yọ́, Kápítéènì W. A. Ross ni ajẹ́lẹ̀ àgbà, Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù tó gorí ìtẹ́ ní 1911 ló sì wà lórí oyè. Àwọn méjèèjì mọwọ́ ara wọn dáadáa. Ìlú tó ti ń dá dúró láti ọ̀pọ̀ ọdún wá bá ara rẹ̀ lábẹ́ Ọ̀yọ́ lọ́nà tó le ju ti ayé àtijọ́ lọ. Ìbàdàn pàápàá ò bọ́ níbẹ̀. Abájọ tí òpìtàn J. A. Atanda fi pe ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1973 ní The New Oyo Empire, ìyẹn Ìjọba Ọ̀yọ́ Tuntun.

Òfin kóòtù ìbílẹ̀ tún jáde ní 1914 yẹn kan náà. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìjòyè máa ń jókòó pọ̀ ni, wọ́n á gbọ́ tọ̀tún tòsì kí wọ́n tó dájọ́. Lábẹ́ ètò tuntun, ẹni tí òkè bá fọwọ́ sí ló ń jókòó dájọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà ìjòyè tí wọ́n ti ń dájọ́ láti ọjọ́ tó pẹ́ rí i pé àwọn ti di ẹni à ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Akódà wá di ẹni ẹ̀rù.

Iṣẹ́ ọba tún wà nílẹ̀. Ìjọba ń la ọ̀nà, ọ̀nà náà ò sì lè la ara rẹ̀. Wọ́n ní kí olórí ìlú kó àwọn ènìyàn jáde. Ẹni tó yẹ kó máa kọ ebè nínú oko rẹ̀ ni wọ́n gbé ọkọ́ lé lọ́wọ́ lójú títì, láìsí owó. Ẹ wá wo bí okùn yìí ṣe rí. Olórí ìlú ló pàṣẹ pé kí o jáde síṣẹ́. Bí o ò bá jáde, akódà á wá ọ délé. Bí akódà bá mú ọ, ó di kóòtù. O dé kóòtù, ẹni tó pàṣẹ iṣẹ́ náà, tàbí ẹni tirẹ̀, ló jókòó lórí àga ìdájọ́. O fẹ́ gbé ẹjọ́ lọ síwájú? Ọ̀yọ́ ni. O kọjá Ọ̀yọ́? Ọ̀dọ̀ Ross ni, ọ̀rẹ́ Aláàfin.

Ibí yìí gan-an ni ìjánu ti já. Ọba tó ti ń bẹ̀rù ìjòyè rẹ̀ kò bẹ̀rù wọn mọ́, nítorí ìbọn òyìnbó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù báyìí ni ajẹ́lẹ̀, tí a lè fi ìwé kan ṣoṣo yọ ọ́ lóyè. Ará ìlú náà ò lè kó ẹrù sá mọ́, ibi yòówù kó sá lọ, kóòtù ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ó lè jẹ́ pé ọba náà ò burú ju bàbá rẹ̀ tó jẹ ṣáájú lọ. Ibi tó dúró sí ni ó yí padà.

Oṣù kẹwàá, 1916

Ogun Àgbáyé Kìíní ń jà lọ́wọ́ nígbà náà, ojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà lójú ogun. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, Òkèhò àti Ìṣẹ́yìn gbiná. Ní Òkèhò, àwọn ènìyàn dìde sí Ọ̀njọ, wọ́n sì pa á. Àwọn tó sún mọ́ ọn àti àwọn tó ń bá kóòtù ṣiṣẹ́ náà fara gbá nínú ìbínú yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ọba burúkú, gbogbo nǹkan ti pé: ìyà wà, ìbínú wà, ọba kú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ẹni tó dìde. Kì í ṣe tálákà nìkan. Àwọn ìjòyè tí kóòtù tuntun ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn wà níbẹ̀, inú ń bí wọn nítorí ipò wọn. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti rẹ̀ lójú ọ̀nà wà níbẹ̀, inú ń bí wọn nítorí ẹ̀yìn wọn tó ń dùn wọ́n. Ìbínú méjèèjì ò jọra, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kàn jáde. Nínú ìwé wa, tálákà a máa mọ́ bí omi inú àmù: gbogbo ìlú lápá kan, ọba lápá kejì. Ní Òkèhò, ẹni tó ń gbé ọkọ́ àti ẹni tó ti ń rán an níṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n jọ kọrin ogun.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì? Sójà dé. Wọ́n yìnbọn, wọ́n kó àwọn ènìyàn, wọ́n sì so àwọn tí wọ́n pè ní olórí ọ̀tẹ̀ rọ̀. Ní 1917, ìjọba kó Òkèhò kúrò lórí òkè tí àwọn baba ńlá wọn ti fi ṣe ibi ìsádi, wọ́n ní kí wọ́n wá máa gbé ní ilẹ̀ títẹ́jú tí ìlú wà títí dòní. Ibi àtijọ́ di ahoro. Ẹni tó bá dé Òkèhò á rí i pé títì ibẹ̀ tọ́ gbọọrọ, ó gún régé, kò rí bíi ti ìlú Yorùbá àtijọ́ tí agboolé ń lọ́ mọ́ agboolé. Àwọn kan máa ń fi títì náà yangàn pé Òkèhò ti ní ètò ìlú kí ọ̀pọ̀ ìlú tó ní in. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìjìyà ló bí i. Ìlú tó wà lórí òkè, àpáta á gbèjà rẹ̀. Ìlú tó wà ní títẹ́jú, tí títì rẹ̀ tọ́, sójà á rí òpin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó di 1918, owó orí dé sí ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ross ò kúrò ní Ọ̀yọ́ títí di 1931. Aláàfin Ládìgbòlù wà lórí ìtẹ́ títí di 1944. Ọ̀njọ kú, kóòtù ò kú. Akódà mìíràn wọ aṣọ iṣẹ́. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a pa làpálàpá, làpálàpá náà sì tún hù.

Kì í sì í ṣe Òkèhò nìkan. Ní 1918, àwọn Ẹ̀gbá dìde nítorí owó orí àti iṣẹ́ ọba. Ogun Àdùbí ni wọ́n ń pè é. Wọ́n hú irin rélùwéè, sójà sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Ọba tó bá ogun yẹn lọ ni Òṣilẹ̀ Òkè-Ọnà. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ̀kọ̀yà. Wọ́n ní owó orí pọ̀ jù, owó kòkó kéré, ọ̀nà ò dára, wolé-wolé ń dààmú àwọn, ọgbọ̀n ṣílè ni àwọn lè san. Òyìnbó ti lọ nígbà yẹn, Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ ni gómìnà. Ní oṣù keje ọdún 1969, wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọ̀dé. Wọ́n tún fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí Awólọ́wọ̀ ti bá Táfà Adéoyè tó jẹ́ olórí wọn sọ̀rọ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni ìjọba dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì.

Ọ̀njọ ní 1916, Òṣilẹ̀ ní 1918, Ṣọ̀ún ní 1969. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, àwọn mẹ̀kúnnù gbé ọwọ́ sókè sí ìjọba, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ọba tó wà nítòsí ni ọwọ́ bà. Ross wà ní Ọ̀yọ́, Lugard wà ní Èkó, gómìnà wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú sójà. Ẹni tí a bá lè mú là ń lèdí mọ́. Ẹ sì kíyè sí ìyàtọ̀ kan: ohun tí Àgbẹ̀kọ̀yà jèrè kò ti inú ikú Ọba Ọláyọ̀dé wá. Orí owó orí fúnra rẹ̀ ló ti wá, nítorí pé wọ́n mọ iye tí wọ́n ń béèrè, wọn ò sì dẹ́kun bíbéèrè rẹ̀.

Ìwé wa ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ìwé báyìí. Ẹ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1970. Kò sí ẹni tó wò ó tí inú rẹ̀ ò ru. Ìyálóde kan wà ní Ìbàdàn, ìkà ni, ó ń bẹ́ orí ẹrú. Nígbà tó yá, Látòósà àti ará ìlú dìde sí i, ó kú, ìlú sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ṣe kọ́ọ̀sì ìtàn, ẹ bi ara yín léèrè: ta ni Látòósà? Òun ni Ààrẹ tó kó Ìbàdàn wọ ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí a mọ̀ sí Kírìjì, tí kò parí títí di 1893. Àwọn òpìtàn ti sọ pé ara ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Ìyálóde ni ọ̀rọ̀ ogun àti ohun ìjà tí Ìyálóde ń yá àwọn olórí ogun. Wọ́n pa Ìyálóde ní 1874. Ẹrú tí eré náà ní ó bọ́ lọ́wọ́ ìkà kan kò bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú. Ọ̀pọ̀ á sì tún kú lójú ogun Ààrẹ. Eré náà dára, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tí mò ń wí ni pé a jáde níbi eré, a pàtẹ́wọ́ fún Látòósà.

Adébáyọ̀ Fálétí, tó kú ní 2017, sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù. Ọmọ Olókùn-Ẹṣin rẹ̀ tó jáde ní 1969, ìtàn òmìnira Òkè-Ògùn ni: àwọn ọ̀dọ́ bí Àjàyí tí wọ́n ní àwọn ò sìn mọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwé yẹn ni pé kì í ṣe olórí kan ṣoṣo ni Àjàyí ń kọ̀, ìsìn fúnra rẹ̀ ló ń kọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé èé ṣe tí ìlú kan fi gbọ́dọ̀ máa ru ẹrù fún ìlú kejì. Ọdún tí ìwé náà jáde, ọdún yẹn náà ni Àgbẹ̀kọ̀yà ń jó bí iná ọyẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwé ìtàn àtijọ́ ò kan ìsinsìnyí, ẹ fi ìyẹn dá a lóhùn.

Rẹ́rẹ́ Rún tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1973 lọ jìn díẹ̀ sí i. Láwúwo ni olórí àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ọ̀gá ò yìnbọn fún un. Ọgbọ́n àrékérekè ni wọ́n fi bà á jẹ́, títí ayé rẹ̀ fi dàrú mọ́ ọn lójú. Níbẹ̀, ìyà ò wá pẹ̀lú idà. Owó àti ẹ̀tàn ló bá wá.

Ẹ wo Ghana. Ìwé Ayi Kwei Armah, The Beautyful Ones Are Not Yet Born, jáde ní 1968, ọdún méjì lẹ́yìn tí sójà gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah. Nínú ìwé náà, ìjọba ṣubú, olóṣèlú tó ti ń jẹ owó ìlú sá lọ pẹ̀lú ìtìjú. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá ti parí ìtàn nìyẹn. Armah ò parí rẹ̀ síbẹ̀. Ó jẹ́ kí á rí awakọ̀ kan tó fún ọlọ́pàá lówó lójú ọ̀nà, nínú ayé tuntun yẹn kan náà. Ìjọba lọ, ẹ̀gúnjẹ kù. Ngũgĩ wa Thiong'o ní Kẹ́ńyà tún ṣe é lọ́nà mìíràn. Ìjọba jù ú sẹ́wọ̀n ní ìparí 1977 láìgbé e lọ sí kóòtù kankan. Orí bébà ìnùdí ló ti kọ ìwé kan ní èdè Gĩkũyũ, èdè ìyá rẹ̀, tó wá jáde ní 1980. Nínú ìwé náà, àwọn olè pàdé láti díje, kí wọ́n mọ ẹni tó mọ olè jà jù. Ẹ ò rí i? Kì í ṣe ẹyọ olè kan. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n ní òfin, wọ́n ní àwọn ọ̀gá lókè òkun. Ẹni tí kò bá pa ju ọ̀kan nínú wọn lọ, àga rẹ̀ ló kàn ṣófo, ẹlòmíràn á jókòó.

Àwa náà ní irú rẹ̀ nílé. Nígbà tí Túndé Kèlání gbé Ṣaworoidẹ jáde ní 1999, ọba burúkú kú ní Jogbo, sójà tó gbapò rẹ̀ náà kú, gbogbo wa yọ̀. Ó tún gbé Agogo Èèwọ̀ jáde ní 2002, a sì rí i pé àwọn ìjòyè tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ ṣì wà nídìí oúnjẹ. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan náà, nínú Morountodun, kò fi Àgbẹ̀kọ̀yà ṣe ìtàn ọba. Ọmọbìnrin olówó kan ló mú, ó rán an lọ ṣe amí láàárín àwọn àgbẹ̀, títí ojú ọmọ náà fi là.

Ohun tí a lè kọ

Ẹlòmíràn á ní, “Ìwọ akéwì yìí, ṣé o fẹ́ gba àwọn ọba burúkú sílẹ̀ ni?” Rárá o. Ẹni tó ṣìkà á jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìtàn àròsọ ní láti ní ojú tí a lè wò, ní ọwọ́ tí a lè tọ́ka sí. Òǹkàwé ò lè bínú sí òfin kóòtù ìbílẹ̀ ti 1914 bí ẹni ń bínú sí ènìyàn. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n òfin náà ní àwọn ènìyàn tó ń gbé e rìn, àwọn yẹn la kì í kọ ìtàn wọn.

Ẹ wo akódà. Ta ni? Ọmọ tálákà ni. Ó rí iṣẹ́ tó ń mú owó oṣù wá, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó dé ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ láti mú un lọ sí kóòtù. Kí ni wọ́n jọ sọ lẹ́nu ọ̀nà? Ẹ wo Ọ̀njọ fúnra rẹ̀. Bó bá kọ̀ fún ajẹ́lẹ̀, oyè bọ́. Bó bá gbà, ará ìlú kórìíra rẹ̀. Mi ò mọ irú ènìyàn tó jẹ́ nínú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó wà láàárín iná àti omi, ìtàn wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wo ìjòyè tó ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé “ẹ jẹ́ ká lọ gba ara wa sílẹ̀,” tó jẹ́ pé àga kóòtù rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ wo obìnrin tó ń gbé ìkòkò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní 1917, tí kò pa ẹnikẹ́ni, tí kò jókòó ní kóòtù kankan, tí wọ́n ní kó fi sàárè òkú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ahoro. Ta ló fìyà jẹ ẹ́? Bí ìtàn wa ò bá lè dáhùn ìbéèrè obìnrin yẹn, a ò tíì kọ ìtàn ìyà tálákà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé òde òní ò yàtọ̀ tó bí a ṣe rò. Káńsù tó wà ládùúgbò wa, inú ètò ìjọba ìbílẹ̀ ti òyìnbó ló ti dìde wá. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní Òkè-Ògùn. Ó di oṣù keje ọdún 2024 kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó sọ pé owó káńsù gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù, kó má gba ọwọ́ gómìnà mọ́. Kó tó di ìgbà náà, ta ni ìyá tó ń ta iṣu ní Ọjà Ṣakí ń bú nígbà tí ọ̀nà bàjẹ́? Alága káńsù ni, ẹni tó wà nítòsí. Láti 1979 tí a ti ń dìbò yan gómìnà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọ Òkè-Ògùn kankan ò tíì dé ipò náà, àwọn ènìyàn wa sì ń sọ pé ó yẹ kó kàn wá. Èmi náà gbà pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n bó bá kàn wá lọ́la, tí ọmọ wa jókòó sórí àga náà, tí okùn tó so mọ́ àga náà kò yí padà, ẹ̀yìn ta ni yóò máa dùn ún lójú ọ̀nà?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa mú ìtàn wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀, bí ọba burúkú inú ìtàn yín bá yẹ kó kú, ẹ jẹ́ kó kú. Ẹ lulù fún un, ẹ jó. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé kálàmù sílẹ̀. Ẹ dúró kí ilẹ̀ mọ́, kí ẹ wo ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, tó lọ ṣí ilẹ̀kùn kóòtù.